Alága ka ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀: báwo la ṣe máa mọ owó tó wọlé, èyí tó kù, àti iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lóòótọ́?

Omo_Gbede béèrè:

Okun o, gbogbo ilé.

Alága ìjọba ìbílẹ̀ wa pe ìpàdé ìta gbangba, ó sì ka ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ fún aráàlú. Mi ò ní dárúkọ ìbílẹ̀ náà, torí pé Kabba/Bunu ni o, Ijumu ni o, Mopa-Muro tàbí Yagba méjèèjì ní ilẹ̀ Okun wa ní ìpínlẹ̀ Kogi, ìbéèrè kan náà ni.

Bí mo ṣe kọ kókó rẹ̀ sílẹ̀ nìyí. Owó oṣù òṣìṣẹ́ ń lọ déédéé. Wọ́n gbẹ́ bóòhòlù mẹ́ta. Wọ́n ṣe òrùlé ilé ìwòsàn kékeré kan, wọ́n sì kó oògùn sí i. Kíláàsì méjì tuntun wà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Gírédà ti ṣe ọ̀nà oko kìlómítà 4, wọ́n sì da yangí sí i. Wọ́n ra ọ̀kadà fún àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ igbó.

Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ owó, ó ní òmìnira ìjọba ìbílẹ̀ ti dé láti ilé-ẹjọ́, owó sì ti pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Kò pẹ́ tó tún ní ohun tó ń dé ọwọ́ àwọn kò tó nǹkan. Kò sọ iye tó wọlé, kò sọ iye tó kù. Ẹnì kan dìde béèrè, wọ́n ní kó lọ kọ ìwé.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀: ṣé owó lè pọ̀ kó má sì tó? Nínú gbogbo iṣẹ́ tó kà yẹn, èwo gan-an ni ti káńsù? Ọ̀nà kìlómítà 4 yẹn ńkọ́, báwo ni ẹni tí kì í ṣe ẹnjinníà ṣe máa mọ̀ bóyá wọ́n ṣe é dáadáa tàbí wọ́n kàn fi gírédà họ ilẹ̀? Ìwé wo la sì lè béèrè tí wọn ò ní lè sọ pé kò kàn wá?

---

Akapo_Agba:

Ẹ kú ìbéèrè. Òótọ́ ni gbólóhùn méjèèjì tí alága yẹn sọ lè jẹ́. Owó lè pọ̀ sí i ní Àbújá kó má pọ̀ lọ́wọ́ káńsù.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Nínú owó àpapọ̀ tí wọ́n ń pín lóṣooṣù, ìjọba àpapọ̀ ń mú 52.68 nínú ọgọ́rùn-ún, ìpínlẹ̀ 26.72, gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 774 sì jọ ń pín 20.60. Owó orí ọjà, VAT, ní ìpín tirẹ̀ lọ́tọ̀: ìbílẹ̀ ń mú 35. Òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní 2026 kò fọwọ́ kan 35 yẹn. Ìjọba àpapọ̀ ló sọ̀ kalẹ̀ láti 15 sí 10, ìpínlẹ̀ gòkè láti 50 sí 55. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní òfin tuntun ti fi kún ìpín ìbílẹ̀, ẹ bi í léèrè ibi tó ti kà á. Ohun tó yí padà ni ọ̀nà tí ìbílẹ̀ fi ń pín in láàárín ara wọn: iye ènìyàn sọ̀ kalẹ̀ láti 30 sí 20, ibi tí wọ́n ti ra ọjà tí wọ́n sì lò ó gòkè láti 20 sí 30. Ìyẹn kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe wá lóore ní ilẹ̀ Okun, níbi tí ọ̀pọ̀ ọjà wa jẹ́ iṣu, gaàrí àti kaṣú tí ẹnikẹ́ni kì í kọ rìsíìtì VAT fún.

Ti owó àpapọ̀ ṣàǹfààní fún àwọn ìbílẹ̀ kéékèèké. Ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni wọ́n ń pín dọ́gbadọ́gba láìwo ojú ẹnikẹ́ni. 30 wà lórí iye ènìyàn, 10 lórí ilẹ̀, 10 lórí owó tí ìbílẹ̀ ń pa fúnra rẹ̀, 10 tó kù lórí ẹ̀kọ́, ìlera àti omi. Ìkànìyàn 2006 ka Mopa-Muro sí nǹkan bí 44,000, ó sì ka Kabba/Bunu sí ju 140,000 lọ. Bó bá jẹ́ orí ènìyàn nìkan ni wọ́n fi ń pín, ìdá kan nínú mẹ́ta owó Kabba ni Mopa ìbá máa gbà. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí. Àwọn tó ń sọ pé "ìbílẹ̀ wa kéré ni kò jẹ́ ká rówó," ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn bojú yín.

Ó wá ku bí owó ṣe ń dé ilé. Òfin orílẹ̀-èdè, abala 162, ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àkáǹtì àjùmọ̀ní kan tí owó gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ máa wọ̀. Ní tiwa, àwa 21 la jọ ń jẹ nínú àwo kan. Ìgbìmọ̀ tó ń jókòó lórí àwo yẹn ni wọ́n ń pè ní JAAC. Lọ́jọ́ 11 oṣù Keje 2024, Ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ dájọ́ pé gómìnà ò gbọdọ̀ di owó ìbílẹ̀ mú mọ́, pé kí owó máa lọ tààrà sí ọ̀dọ̀ ìbílẹ̀ tó ní alága tí aráàlú dìbò yàn. Kogi dìbò tirẹ̀ lọ́jọ́ 19 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn. Síbẹ̀, ọdún kan lẹ́yìn ìdájọ́, àkáǹtì àjùmọ̀ní yẹn náà ni owó ṣì ń gbà kọjá. Nítorí náà, "òmìnira ti dé" àti "owó ti ń wọ àkáǹtì wa tààrà" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹ ní kí alága yín sọ èyí tó ń sọ nínú méjèèjì.

Ẹ̀dà owó méjì ló wà: owó tí wọn ò tíì gé, àti àgékù. Èyí tí wọn ò tíì gé ni ẹ máa rí nínú àtẹ tí ọ́fíìsì Akáǹtáǹtì Àgbà ìjọba àpapọ̀ ń gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀. Ẹ kíyè sí oṣù o: owó tó wọlé ní oṣù Kẹfà, oṣù Keje ni wọ́n ń pín in. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ awuyewuye ti ń bẹ̀rẹ̀, tí ẹnì kan mú oṣù kan tí ẹnì kejì mú òmíràn, tí wọ́n wá ń pe ara wọn ní òpùrọ́.

Àgékù ni kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ ká fi owó àfiṣàpẹẹrẹ kà á (kì í ṣe ti ìbílẹ̀ kankan o). Ká ní 500 mílíọ̀nù ló dé. Owó oṣù tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gba 180. Òṣìṣẹ́ káńsù àti ti ilé ìwòsàn gba 140. Owó ìfẹ̀yìntì 60. Ìdá 5 fún àwọn ọba, ìyẹn 25. Ìdá 1 fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́, ìyẹn 5. "Iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe" àti ètò ààbò 40. Gbogbo rẹ̀ di 450. Àádọ́ta mílíọ̀nù ló kù láti fi ra epo dísẹ̀lì gírédà, san iná, gbẹ́ kànga, kí alága sì tún fi lọ ìpàdé ní Lokoja. Bí wọ́ọ̀dù bá jẹ́ 10, mílíọ̀nù 5 ni ti wọ́ọ̀dù kan lóṣù.

Nínú ìlà wọ̀nyẹn, ti tíṣà, òṣìṣẹ́ àti ìfẹ̀yìntì ṣeé yẹ̀ wò, torí orúkọ ènìyàn ló wà nídìí wọn. Àwọn ará Kogi tí wọ́n ti jẹ pasẹ́ńtéèjì rí, ìyẹn tí wọ́n san apá kan péré nínú owó oṣù fún, mọ̀ pé ìlà lè sọ pé wọ́n gé e tán kí ẹni tó ni ín má sì rí i gbà pé. "Iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe" yẹn ni kí ẹ máa tọ́ka sí. Iṣẹ́ wo? Níbo? Ta ni wọ́n gbé e fún? Bí ìdáhùn bá jẹ́ "ti ìpínlẹ̀ ni," ó túmọ̀ sí pé owó ìbílẹ̀ yín ń ṣe iṣẹ́ tí ẹ ò lè fojú rí.

---

Ijumu_Ni_Mi:

Ẹ ṣé o, bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ gbàgbé àpò kejì. Abala 162 kan náà ní kí ìpínlẹ̀ mú nínú owó tirẹ̀ náà fún ìbílẹ̀. Alága wo lẹ ti gbọ́ tó ka iye tí ìyẹn jẹ́ sétí aráàlú? Owó tíkẹ́ẹ̀tì ọjà àti gáréèjì ńkọ́? Èyí tí káńsù ń gbà fúnra rẹ̀, kò gba JAAC kankan kọjá. Bí alága bá ń sunkún pé wọ́n di owó òun mú ní Lokoja, ẹ ní kó kọ́kọ́ ka ti ọjà tó wà lẹ́yìn ilé káńsù ná.

---

Akapo_Agba:

@Ijumu_Ni_Mi, òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n. Mo fi kún un: ìwé tíkẹ́ẹ̀tì ní nọ́ńbà, láti orí èyí àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn. Owó tó yẹ kó wọlé ni iye tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lò ní ìlọ́po owó ojú rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé gbígbà owó ọjà fún kọńtírákítọ̀, ẹ béèrè iye tó ń san fún káńsù lóṣù, kẹ́ ẹ fi wé iye ṣọ́ọ̀bù àti àtẹ tó wà lọ́jà. Àwọn tó ń fi igi dínà láti já tíkẹ́ẹ̀tì fún ọkọ̀ iṣu, òfin owó orí ọdún 1998 dá ìyẹn lẹ́kun pátápátá, káńsù ni o, ẹlòmíràn ni o.

---

Bunu_Oke:

Ẹ jẹ́ kí n mú ìbéèrè kejì, èwo ni ti káńsù.

Àtòpọ̀ Kẹrin nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ló ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀. Ọjà, gáréèjì, ilé ìpẹran, ìtẹ́ òkú, ilé ìgbẹ́ gbangba, kíkó ìdọ̀tí, ọ̀nà àdúgbò àti gọ́tà, iná ojú títì, sísọ òpópónà lórúkọ, ìforúkọsílẹ̀ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó: tiwọn tààrà ni gbogbo ìyẹn. Ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìlera àti iṣẹ́ àgbẹ̀, òfin ní kí wọ́n bá ìpínlẹ̀ kópa níbẹ̀. "Bá kópa" yẹn ni iṣẹ́ ti ń sọ nù. Ìpínlẹ̀ á ní ti káńsù ni, káńsù á ní ti ìpínlẹ̀ ni.

Ẹ wá wo ìròyìn alága. Kíláàsì méjì: nínú ọ̀pọ̀ ìgbà, SUBEB, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀, ló ń kọ́ irú rẹ̀, láti inú owó tí UBEC, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀, fi sílẹ̀ tí ìpínlẹ̀ sì gbé tirẹ̀ lé e. Ẹ lọ wo pátákó tó wà níwájú ilé náà tàbí ohun tí wọ́n kùn sára ògiri, ẹ máa bá orúkọ ẹni tó kọ́ ọ níbẹ̀. Oògùn ilé ìwòsàn: òfin ìlera ọdún 2014 ya ó kéré tán ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀, apá kan nínú rẹ̀ sì ń wọ àkáǹtì ilé ìwòsàn tí wọ́n yàn ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan tààrà, láìgba ọwọ́ alága. Nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ àti ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù ló yẹ kó mọ ohun tí wọ́n fi rà. Ẹ bi wọ́n. Bí oògùn bá ti inú owó yẹn wá, kì í ṣe iṣẹ́ alága. Òrùlé lè jẹ́ tirẹ̀ lóòótọ́.

Bóòhòlù náà, ẹ wò ó dáadáa. Sẹ́nẹ́tọ̀ ń gbẹ́, aṣojú-ṣòfin ń gbẹ́, ọmọ ìlú tó wà ní Àbújá ń gbẹ́, ẹ̀yìn náà ni gbogbo wọn á wá pàdé nínú ìròyìn ẹnì kan. Orí àpáta la wà ní ibi púpọ̀ ní ilẹ̀ Okun, omi kì í sí níbi gbogbo, àfi ibi tí àpáta ti sán tàbí tó ti jẹrà. Nítorí náà ẹ béèrè bóyá wọ́n ṣe àyẹ̀wò ilẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́, oṣù wo ni wọ́n gbẹ́ ẹ, wákàtí mélòó ni wọ́n fi fa omi rẹ̀ láti dán an wò. Èyí tí wọ́n gbẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án tí wọ́n fa omi rẹ̀ fún wákàtí kan pere, tó bá fi máa di oṣù Kejì, ẹ̀rọ á máa mí èémí lásán.

Àwọn ọ̀nà ńlá wa, ẹ má gbé wọn ka alága lórí. Kabba sí Mopa, Isanlu, Egbe dé Omu-Aran, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Obajana sí Kabba, kìlómítà 43 oníkọnkéré, Dangote ló ṣe é, tí wọ́n yọ owó rẹ̀ nínú owó orí tó yẹ kó san. Alága tó bá ní òun dí kòtò lójú ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ bi í léèrè ọ̀nà oko tó jẹ́ tirẹ̀.

---

Onigireda:

Ọ̀nà oko ni mo wá sọ. Kìlómítà 4 yẹn, ẹ lè fi ojú lásán àti okùn mọ ohun tí wọ́n ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ ka típà. Ọ̀nà oko tó fẹ̀ ní mítà 5, tí yangí rẹ̀ nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 15 lẹ́yìn tí rólà bá ti tẹ̀ ẹ́, ó máa gba yangí mítà onígun 750 fún kìlómítà kan (mítà onígun kan jẹ́ mítà kan ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga). Yangí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà máa ń fẹ́ ju èyí tí wọ́n ti tẹ̀ lọ pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, torí náà ẹ kà á sí 975. Típà kékeré ń gbé bíi 6 sí 7. Ìyẹn jẹ́ bí ìrìn 150 fún kìlómítà kan, 600 fún kìlómítà 4. Bí típà mẹ́rin bá ń ṣe ìrìn mẹ́wàá lójúmọ́, ọjọ́ 15 gbáko ni. Kò sí bí irú ìyẹn ṣe máa ṣẹlẹ̀ kí ará abúlé má mọ̀. Kòtò tí wọ́n ti gbẹ́ yangí náà á wà níbì kan, á sì tóbi. Bí gírédà bá wá ní Ọjọ́bọ̀ tó sì lọ ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, họ ni wọ́n họ ọ́.

Họ́họ́ yẹn burú ju kí wọ́n fi ọ̀nà sílẹ̀ lọ. Bí bíléèdì bá ń kó erùpẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ lọ́dọọdún láìda nǹkan kan padà, ọ̀nà á máa rì díẹ̀díẹ̀ títí á fi wà nísàlẹ̀ ju oko tó wà lọ́tùn-ún lósì lọ. Ọjọ́ tí òjò bá dé, omi oko á sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀, ọ̀nà á di odò. Ẹ lọ wo àwọn ọ̀nà oko àtijọ́ tí ògiri ẹ̀gbẹ́ wọn ga dé èjìká, gírédà ló wa wọ́n bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn, ẹ wo ẹ̀yìn ọ̀nà. Ọ̀nà ilẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ iké láàárín, kí omi lè ṣàn sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Fún ọ̀nà mítà 5, àárín gbọ́dọ̀ ga ju etí lọ pẹ̀lú sẹ̀ǹtímítà 12 tàbí 13. Ẹ kan igi sí etí méjèèjì, kí ẹ so okùn mọ́ wọn kó tẹ́ pẹrẹsẹ, kó kàn wà lókè ibi tó ga jù láàárín. Ẹ fi rúlà wọn ìsàlẹ̀ okùn láàárín àti létí. Bí ìyàtọ̀ kò bá tó 8, ọ̀nà yẹn á gba omi dúró, táyà á sì tẹ ibẹ̀ di ẹrẹ̀.

Gọ́tà ẹ̀gbẹ́ nìkan kò tó. Omi inú gọ́tà gbọ́dọ̀ ní ibi tó máa yà sí, ẹnu ọ̀nà tí wọ́n gé sínú igbó. Lórí òkè, a máa ń gé e bí 20 mítà síra, lórí ilẹ̀ títẹ́ ó lè jìn tó 50. Àwọn olóko kì í fẹ́ kí wọ́n gé e sínú oko wọn, òótọ́ ni, ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Káńsẹ́lọ̀ àti baálẹ̀ ló yẹ kí wọ́n parí rẹ̀ kí gírédà tó dé, torí pé dírébà gírédà kò ní jókòó bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ṣe ló máa kọjá lọ.

Ibi tí omi ti ń gé ọ̀nà, rìngì kọnkéré, páìpù ńlá tí omi ń gbà kọjá lábẹ́ ọ̀nà, ni wọ́n ń rì sí i. Ẹ má gbà kí wọ́n rì rìngì 600 mílímítà sójú odò tó ń kó ewé àti igi wálẹ̀. Yóò dí lọ́dún àkọ́kọ́. 900 ni kó kéré mọ. Kí wọ́n tẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n mọ ògiri sí ẹnu rẹ̀ méjèèjì, kí erùpẹ̀ tó bò ó lórí sì tó ìdajì mítà ó kéré tán. Èyí tí erùpẹ̀ orí rẹ̀ fẹ́lẹ́, típà iṣu kan ṣoṣo ló máa fọ́ ọ.

Nípa àsìkò: oṣù Kọkànlá sí Ìkejìlá ló dára jù, nígbà tí òjò ti ń kásẹ̀ tí ilẹ̀ ṣì lómi díẹ̀ nínú. Ẹ bu yangí, ẹ fún un mọ́ ọwọ́. Bó bá di odidi tí kò tú, tí ọwọ́ yín kò sì tutù, ó ti tó àkókò láti tẹ̀. Bó bá tú bí èlùbọ́, ó nílò omi, kí wọ́n wá táńkà. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọwọ́, kí rólà dúró ná. Rólà náà gbọ́dọ̀ lọ bọ̀ ní ìgbà mẹ́fà sí mẹ́jọ. Èyí tí wọ́n dà ní oṣù Kínní nínú ọyẹ́ láìfi omi sí, eruku ni, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ sórí kaṣú kí òjò tó dé.

---

Omo_Gbede:

Ẹ̀gbọ́n Onigireda, ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀nà yẹn, kò sí ẹni tó rí típà tó 20. Wọ́n kó yangí sí ibi mẹ́ta tó ti já, ìyókù họ́họ́ ni.

Ó wá ku ti ìwé. Tí wọ́n bá ní "ẹ lọ kọ ìwé," kí la máa kọ?

---

Agbejoro_Oke:

Ẹ kọ ọ́ lábẹ́ òfin Ẹ̀tọ́ sí Ìròyìn ti 2011. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ní ìpínlẹ̀ máa ń sọ pé òfin ìjọba àpapọ̀ ni, kò kan àwọn. Ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ti pa ìyẹn tì lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹrin 2025: ó kan ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀.

Ẹ ò ní láti sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè, òfin sọ bẹ́ẹ̀ gbangba. Nítorí náà ẹ má kọ ìtàn ìyà aráàlú sínú lẹ́tà. Lẹ́tà tó gùn ló máa ń fún wọn láyè láti dáhùn apá tó rọrùn kí wọ́n fi èyí tó le sílẹ̀. Ojú ewé kan tó. Ẹ dárúkọ òfin náà, ẹ dárúkọ ìwé tí ẹ fẹ́, ẹ kọ déètì.

Ẹ má béèrè "gbogbo owó tó wọlé láti ìgbà tí alága ti dé." Wọ́n á ní iṣẹ́ náà pọ̀ ju àwọn lọ, wọ́n á sì fi ọjọ́ kún ọjọ́. Ẹ mú oṣù kan ṣoṣo. Èyí ni mo máa béèrè: ìwé JAAC oṣù náà tó fi ìlà ìgékúrò kọ̀ọ̀kan hàn, ètò ìṣúná ọdún yìí tí àwọn káńsẹ́lọ̀ fọwọ́ sí, àti ìwé ìṣirò iṣẹ́ ọ̀nà kìlómítà 4 yẹn pẹ̀lú ìwé tí ẹnjinníà fi jẹ́rìí pé iṣẹ́ parí. Ìkẹta yìí ni kí ẹ fọwọ́ mú gidigidi. Ìwé ìṣirò iṣẹ́ máa ń kọ iye mítà onígun yangí sílẹ̀. Bó bá kọ 3,000 tí ẹ̀yin sì ka típà 20, ẹ ti ní ọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ mú lọ. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sórí èyí tí ẹ máa mú padà sílé, torí pé ọjọ́ náà ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti dáhùn, wọ́n lè fi 7 mìíràn kún un bí wọ́n bá kọ̀wé sọ ìdí. Owó fọtokópì, àti ti àdàkọ ìwé bó bá pọndandan, nìkan ni wọ́n lè gbà lọ́wọ́ yín. Bí wọ́n bá kọ̀ tàbí tí wọ́n dákẹ́, ọjọ́ 30 lẹ ní láti lọ sílé ẹjọ́, ẹni tí ilé-ẹjọ́ bá sì rí i pé ó fi ọwọ́ òdì kọ̀ lè san 500,000 náírà. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ lè ní kí ẹlòmíràn bá òun béèrè.

Ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì Ayẹ̀wé-owó Àgbà fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní Lokoja, kí ẹ fún káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín ní ọ̀kan. Káńsẹ́lọ̀ ló ń fọwọ́ sí ètò ìṣúná. Bó bá ní òun ò rí i rí, ẹ jẹ́ kó kọ ìyẹn náà sílẹ̀ kó sì fọwọ́ sí i.

---

Akapo_Agba:

Kí ẹ tó fi lẹ́tà náà lọ, ẹ tẹ ti oṣù kan náà jáde látorí íntánẹ́ẹ̀tì, ti ìbílẹ̀ yín. Àròpọ̀ òkè ìwé JAAC gbọ́dọ̀ bá a mu dé kọ́bọ̀. Bí kò bá bá a mu, ẹ má tíì ka ìlà ìsàlẹ̀ rárá. Ẹ padà lọ wo oṣù tó wà lórí rẹ̀ ná.

---

Omo_Gbede:

Mo ti gbọ́, bàbá. Oṣù tí wọ́n ṣe ọ̀nà yẹn gan-an la máa mú. Àwa mẹ́ta la máa jọ fọwọ́ sí lẹ́tà náà, a ó sì gbé e lọ ní Ọjọ́ Ajé.